Gíríìsì gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí Ìtàn: Àyẹ̀wò Títún Fọ́ọ̀kì Oníṣọ́ọ̀kì ti Kẹ̀kẹ́ Orí-Òkè Tò, 1989–1997

1. Ìfáárà

Bí a bá ṣí ìwé ìtàn ẹ̀rọ kankan, orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ náà ni a ó kọ́kọ́ bá pàdé. Lẹ́yìn náà ni orúkọ ẹni tí ó fi í gba ife-ẹ̀yẹ. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí ohunkóhun kà nípa àwọn tí wọ́n ń tú ẹ̀rọ náà palẹ̀, tí wọ́n ń nù ún, tí wọ́n ń fi gíríìsì sí i, tí wọ́n sì ń tún un tò. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì jẹ́ pé iye ọdún tí ẹ̀rọ kan fi ń wà lọ́wọ́ àwọn atúnṣe ju iye ọjọ́ tí a fi ṣe é lọ fíìfíì. Ìhà tí a kì í sábà kà sí yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ yẹ̀ wò.

Ohun tí a mú gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ni fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì ti kẹ̀kẹ́ orí-òkè, láti 1989, nígbà tí Paul Turner dá ilé-iṣẹ́ RockShox sílẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, títí di 1997, nígbà tí fọ́ọ̀kì Bomber Z1 ti ilé-iṣẹ́ Marzocchi láti ilẹ̀ Ítálì ti dé ọjà. Ìgbà kúkúrú ni èyí, ṣùgbọ́n láàárín rẹ̀ ni a ti rí oríṣi ọ̀nà mẹ́rin tí wọ́n gbà láti mú kí fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ máa mì láìfọ́.

Àbá wa ni pé ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni ó yẹ kí a fi pín ìtàn yìí sí ìgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdíje. Ìbéèrè tí ó wà nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọ̀nà mẹ́rin náà ni pé: ọwọ́ ta ni ìtọ́jú fọ́ọ̀kì wà? Ṣé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni, àbí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò pọ̀ nínú ìwé. Inú fọ́ọ̀kì gan-an ni ó wà, nínú gíríìsì àti lára páìpù tí ó ti họ. Nítorí náà, ẹni tí ó bá tún ògbólógbòó fọ́ọ̀kì tò ń ka ìwé kan ni, bí kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

2. Nípa Èdè-Ìperí

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a sọ bí a ṣe ń pe àwọn nǹkan nínú iṣẹ́ yìí. Kẹ̀kẹ́ ológeere ni Yorùbá ń pe kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Kẹ̀kẹ́ orí-òkè ni a pe irú rẹ̀ tí wọ́n ṣe fún ojú ọ̀nà olókùúta, tí táyà rẹ̀ fẹ̀, tí bíréèkì rẹ̀ sì lágbára. Ní ti àwọn ẹ̀yà rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ àti alùpùpù ṣe ń lò ni àwa náà lò: fọ́ọ̀kì, gíríìsì, ọ́ìlì, sípíríǹgì, bọ́ọ̀ṣì, síìlì, họ́ọ̀bù. A lè fẹ́ wá ọ̀rọ̀ Yorùbá ponbele fún wọn, ṣùgbọ́n bí a bá pe fọ́ọ̀kì ní àmúga, ẹni tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yóò rò pé ti oúnjẹ ni à ń wí.

Fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì ní páìpù méjì lókè, tí wọ́n dúró ṣinṣin sí orí fọ́ọ̀kì. Àwọn páìpù yìí wọ inú páìpù méjì mìíràn tí ó fẹ̀ jù wọ́n lọ, tí ó di ẹsẹ̀ táyà mú nísàlẹ̀. Páìpù òkè àti páìpù ìsàlẹ̀ ni a ó máa pè wọ́n. Láàárín wọn ni bọ́ọ̀ṣì wà, kí irin má baà máa ha irin. Lẹ́nu páìpù ìsàlẹ̀ sì ni síìlì wà, kí eruku má baà wọlé. Iṣẹ́ méjì ni ohun tí ó wà nínú páìpù náà ń ṣe. Èkíní ni pé kí ó rún pọ̀ nígbà tí táyà bá kọ òkúta, kí ó sì padà sí bí ó ti wà: iṣẹ́ sípíríǹgì nìyẹn. Èkejì ni pé kí ó dẹ̀rọ̀ ìpadà náà, kí kẹ̀kẹ́ má baà máa fò bíi bọ́ọ̀lù: a ó pe èyí ní iṣẹ́ ìdẹ̀rọ̀. Gbogbo àríyànjiyàn àwọn ọdún 1990 nípa fọ́ọ̀kì dá lórí ohun tí ó yẹ kí a fi ṣe iṣẹ́ méjèèjì yìí.

3. Kí Ṣọ́ọ̀kì Tó Dé Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Orí-Òkè

Kì í ṣe ní 1989 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sípíríǹgì sí kẹ̀kẹ́. Ní 1885 ni ilé-iṣẹ́ Linley and Biggs ní Lọ́ńdọ̀nù gbé kẹ̀kẹ́ Whippet jáde, èyí tí sípíríǹgì wà lára egungun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1888, John Boyd Dunlop ṣe táyà oníféèfé ní ìlú Belfast, kò sì pẹ́ tí táyà yìí fi gba iṣẹ́ sípíríǹgì ṣe. Afẹ́fẹ́ inú táyà ti tó láti gba ìmì ojú ọ̀nà, kò sì ní ẹ̀yà kankan tí ń ha ara wọn tí a ó máa fi ọ́ìlì sí. Láti ìgbà náà, bí sípíríǹgì bá tún yọjú lára kẹ̀kẹ́, bí ohun àrà ni ó ṣe máa ń rí. Ilé-iṣẹ́ Schwinn ní Chicago ta fọ́ọ̀kì onísípíríǹgì ní ìparí àwọn ọdún 1930; Alex Moulton náà sì gbé kẹ̀kẹ́ onítáyà kékeré tí ó ní rọ́bà ìgbamì jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962.

Ọ̀tọ̀ ni ọ̀nà tí alùpùpù gbà. Ní 1935, ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì fi fọ́ọ̀kì onípáìpù-wọ-páìpù, tí ọ́ìlì ń dẹ̀rọ̀ ìmì rẹ̀, sí alùpùpù R12 àti R17. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń tún alùpùpù ṣe ti mọ̀ pé fọ́ọ̀kì jẹ́ ẹ̀yà tí a gbọ́dọ̀ máa tú, kí a da ọ́ìlì rẹ̀ nù, kí a sì pààrọ̀ síìlì rẹ̀. Ìmọ̀ yìí kò sí lọ́dọ̀ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe, nítorí fọ́ọ̀kì tiwọn kì í mì. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì fún ohun tí a fẹ́ sọ níwájú.

Agbègbè Marin ní California ni kẹ̀kẹ́ orí-òkè ti gbilẹ̀. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá, 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Schwinn àtijọ́, lọ sí orí òkè kan lẹ́bàá ìlú Fairfax, wọ́n sì díje láti sọ̀ kalẹ̀ lójú ọ̀nà eléruku. Lára àwọn tí orúkọ wọn kò lè parẹ́ nínú ìtàn ìdíje yìí ni Charlie Kelly, Gary Fisher àti Joe Breeze. Inú họ́ọ̀bù ẹ̀yìn ni bíréèkì kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí wà. Bí wọ́n bá ti ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, họ́ọ̀bù a gbóná, gíríìsì inú rẹ̀ a sì máa jó di èéfín. Nígbà tí wọ́n bá dé ìsàlẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ tú họ́ọ̀bù náà kí wọ́n sì ki gíríìsì tuntun sí i kí wọ́n tó lè tún gùn ún. Nídìí èyí ni wọ́n ṣe pe ìdíje náà ní Repack, èyí tí ó túmọ̀ sí “tún un kì”.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí. Orúkọ tí àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá yìí fún ìdíje wọn kò wá láti ara eré sísá, bẹ́ẹ̀ ni kò wá láti ara orúkọ òkè náà. Iṣẹ́ gíríìsì kíkì ni ó ti wá. Àwọn fúnra wọn mọ̀ pé ohun tí ó ń jẹ́ kí eré náà ṣeé ṣe ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lẹ́yìn eré. Àwọn òpìtàn ni ó wá sọ orúkọ yìí di ohun ẹ̀rín kékeré nínú ìtàn àwọn akọni.

Joe Breeze kọ́ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ní 1977. Fisher àti Kelly dá ilé-iṣẹ́ MountainBikes sílẹ̀ ní 1979, Tom Ritchey sì ń bá wọn jó egungun kẹ̀kẹ́ pọ̀. Ní 1981 ni ilé-iṣẹ́ Specialized gbé Stumpjumper jáde fún ọjà gbogbogbò. Gbogbo kẹ̀kẹ́ wọ̀nyí ni fọ́ọ̀kì wọn le gan-an tí kì í mì. Apá ẹni tí ó gùn ún ni ṣọ́ọ̀kì.

4. Ọ̀nà Mẹ́rin

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọ̀nà mẹ́rin ni fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì gbà wọ ọjà, a ó sì mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(i) Afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì. Ìdí iṣẹ́ alùpùpù ni Paul Turner ti wá; ó ti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Honda nínú eré ìdíje alùpùpù kí ó tó kọjú sí kẹ̀kẹ́. Òun àti Steve Simons, tí òun náà mọ fọ́ọ̀kì alùpùpù dáadáa, ni a lè pè ní baba RS-1, fọ́ọ̀kì àkọ́kọ́ tí RockShox tà. Afẹ́fẹ́ ni sípíríǹgì rẹ̀, ọ́ìlì tí ń gba ihò kékeré kọjá ni ó ń ṣe iṣẹ́ ìdẹ̀rọ̀, ó sì ń rìn tó nǹkan bíi 50 mm. Ní 1990, nígbà tí àjọ UCI ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún kẹ̀kẹ́ orí-òkè ní Durango, Colorado, orí fọ́ọ̀kì RockShox ni Greg Herbold wà nígbà tí ó gba ipò kìíní nínú eré ìsọ̀kalẹ̀ àwọn ọkùnrin. Àwọn fọ́ọ̀kì tí ó tẹ̀lé e, bíi Mag 21, ń lo afẹ́fẹ́ àti ọ́ìlì bákan náà. Abẹ́rẹ́ irú èyí tí a fi ń fẹ́ bọ́ọ̀lù ni a fi ń fẹ́ atẹ́gùn sí i. Ẹni tí ó bá ní fọ́ọ̀kì yìí gbọ́dọ̀ di atúnṣe díẹ̀: ó gbọ́dọ̀ ní pọ́ǹpù, ó gbọ́dọ̀ mọ bí ọ́ìlì ṣe nípọn tó, ó sì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ síìlì. Ìmọ̀ alùpùpù ni wọ́n gbé fún oníkẹ̀kẹ́ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

(ii) Rọ́bà. Doug Bradbury, ní Manitou Springs ní Colorado, gba ọ̀nà tí ó yàtọ̀. Ó to ìṣù rọ́bà lé ara wọn nínú páìpù fọ́ọ̀kì; kò sí afẹ́fẹ́, kò sì sí ọ́ìlì. Bí rọ́bà ṣe ń rún pọ̀ tí ó sì ń padà ni ó ń ṣe iṣẹ́ sípíríǹgì. Bí ara rẹ̀ ṣe ń lọ́ra láti padà ni ó sì ń ṣe ìwọ̀nba iṣẹ́ ìdẹ̀rọ̀. Ilé-iṣẹ́ Answer Products ni ó wá ń ṣe fọ́ọ̀kì Manitou fún ọjà. Ohun tí ó dùn mọ́ ènìyàn nínú ọ̀nà yìí ni ìrọ̀rùn rẹ̀: ẹnikẹ́ni tí ó bá lè tú ìdè lè tọ́jú rẹ̀. Gíríìsì díẹ̀ lára bọ́ọ̀ṣì àti lára rọ́bà ti tó. Àléébù rẹ̀ ni pé rọ́bà a máa le bí òtútù bá mú, a sì máa rọ̀ bí oòrùn bá mú. RockShox náà lo rọ́bà nínú fọ́ọ̀kì Quadra, èyí tí owó rẹ̀ kò pọ̀ púpọ̀.

(iii) Katirííjì. Ní 1995, RockShox gbé Judy jáde. Rọ́bà ni sípíríǹgì rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ìlì ìdẹ̀rọ̀ rẹ̀ wà nínú katirííjì tí a dé pa, tí a fi sínú páìpù fọ́ọ̀kì. Ní ojú ẹni tí ó rà á, èyí dára: ọ́ìlì kò ní kàn án lọ́wọ́ mọ́. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí gbogbo àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe fi mọ̀ pé katirííjì náà a máa jò, bí ó bá sì ti jò, kíkọ́ bí a ṣe ń tún un ṣe kò rọrùn fún oníkẹ̀kẹ́ lásán. Rírà òmíràn ni ó kù. Ìtọ́jú ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó ni fọ́ọ̀kì. Ó ti di ọjà tí ilé-iṣẹ́ ń tà. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù fún oníkẹ̀kẹ́ ni gíríìsì tí ó ń fi pa bọ́ọ̀ṣì, RockShox sì ta tirẹ̀ lábẹ́ orúkọ Judy Butter, èyí tí ó túmọ̀ sí “bọ́tà Judy”.

(iv) Ọ́ìlì tí a kò há mọ́. Láti 1949 ni ilé-iṣẹ́ Marzocchi ti wà ní agbègbè Bologna, fọ́ọ̀kì alùpùpù ni a sì fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ó gbé Bomber Z1 jáde fún ọdún 1997, kò há ọ́ìlì mọ́ inú katirííjì. Ó da ọ́ìlì sínú páìpù fàlàlà bíi ti alùpùpù, sípíríǹgì onírin sì wà nínú ọ́ìlì náà. Ọ́ìlì tí ń ṣe iṣẹ́ ìdẹ̀rọ̀ ni ó tún ń pa bọ́ọ̀ṣì lára. Fọ́ọ̀kì yìí ń rìn tó 100 mm, ó sì wúwo ju àwọn fọ́ọ̀kì ìdíje ìgbà náà lọ. Àwọn tí ó rà á yìn ín pé kò ní kí a máa yọjú sí òun lójoojúmọ́. Bí àsìkò bá sì tó láti tọ́jú rẹ̀, ọ́ìlì ni a ó dà nù, ọ́ìlì ni a ó sì dà padà.

Bí a bá wo ọ̀nà mẹ́rin yìí pọ̀, a ó rí i pé wọn kò tẹ̀lé ara wọn bí àtẹ̀gùn. Ọ̀nà kẹrin sún mọ́ ti 1935 ju bí ọ̀nà kẹta ṣe sún mọ́ ọn lọ. Ohun tí ó ń yí padà láti ọ̀kan sí èkejì ni ẹni tí ẹrù ìtọ́jú wà lórí rẹ̀: oníkẹ̀kẹ́ ni nínú ọ̀nà kìíní, oníkẹ̀kẹ́ náà ni nínú èkejì, ṣùgbọ́n ẹrù rẹ̀ fúyẹ́, ilé-iṣẹ́ ni nínú ẹ̀kẹta, nínú ẹ̀kẹrin, a dá a padà fún oníkẹ̀kẹ́, a sì jẹ́ kí ó ṣọ̀wọ́n kí ó tó yọjú sí i.

5. Títúntò gẹ́gẹ́ bí Ìwé Kíkà

Jẹ́ kí a mú Judy ti àwọn ọdún àárín 1990 gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, kí a sì tẹ̀lé iṣẹ́ títún un tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí a lè fi hàn pé kò sí ìgbésẹ̀ kan tí kò ní ẹ̀rí ìtàn nínú.

Nígbà tí a bá tú ìdè tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì, tí a sì fa páìpù ìsàlẹ̀ kúrò lára páìpù òkè, gíríìsì àtijọ́ ni a ó kọ́kọ́ rí. Kò yẹ kí a tètè nù ún dànù. Àwọ̀ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Gíríìsì tí ó dúdú tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ ń sọ pé síìlì kò di ẹnu páìpù mọ́, síbẹ̀ tí wọ́n ṣì ń gùn ún. Gíríìsì tí ó gbẹ bí ìda ń sọ pé kẹ̀kẹ́ náà dúró pẹ́ láìgùn. Bí a bá rí oríṣi gíríìsì méjì tí àwọ̀ wọn yàtọ̀, ó dájú pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú wa. Lẹ́yìn tí a bá ti kọ èyí sílẹ̀ ni a tó lè fi aṣọ àti ohun ìfọ̀ tí kò le jù nù ún mọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì ni láti wo ara páìpù òkè. Bí ó bá jẹ́ páìpù alumíníọ́ọ̀mù, awọ ara rẹ̀ yóò ti họ níbi tí bọ́ọ̀ṣì ti ń ha á. Hího yìí kì í rí bákan náà yí páìpù po. Ó sábà máa ń pọ̀ ní iwájú tàbí ní ẹ̀yìn, nítorí pé nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, agbára máa ń ti páìpù ìsàlẹ̀ sẹ́yìn, bọ́ọ̀ṣì a sì fara ti ẹ̀gbẹ́ kan. Bí hího náà bá sì ga dé òkè, fọ́ọ̀kì ti rìn dé òpin ìrìn rẹ̀. Bí ó bá mọ sí ìsàlẹ̀ nìkan, ẹni tí ó gùn ún fúyẹ́, tàbí rọ́bà inú rẹ̀ ti le jù. Kò sí ìwé kankan tí yóò sọ fún wa bí ẹni tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ṣe gun kẹ̀kẹ́ ní nǹkan bíi 30 ọdún sẹ́yìn. Páìpù yìí sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta ni rọ́bà. Níbí ni ọ̀rọ̀ ti le jù lọ. Irú rọ́bà tí wọ́n lò kò lè pẹ́ títí. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa tú u díẹ̀díẹ̀, títí yóò fi di ohun tí ń fà bíi oje igi, tàbí tí yóò fi máa fọ́ wẹ́wẹ́. Kì í ṣe gígùn ni ó ń bà á jẹ́. Ọjọ́ orí ni. Fọ́ọ̀kì tí a kò gùn rí, tí ó wà nínú páálí rẹ̀ láti 1995, lè tàn lóde kí inú rẹ̀ sì ti bàjẹ́. Fún òpìtàn, ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí: ohun tí a tọ́jú láìfọwọ́kàn kì í ṣe ohun tí a tọ́jú dáadáa dandan.

Lẹ́yìn èyí ni títò gan-an. A ó fi gíríìsì kún inú bọ́ọ̀ṣì òkè àti ti ìsàlẹ̀ nínú ẹsẹ̀ méjèèjì, a ó sì fi díẹ̀ sí ètè síìlì. Irú gíríìsì tí a yàn ṣe pàtàkì, nítorí pé kì í ṣe gbogbo gíríìsì ni ó bá irú rọ́bà yìí àti síìlì mu. Gíríìsì tí a ń fi sí họ́ọ̀bù lè ba rọ́bà fọ́ọ̀kì jẹ́. A ó rọra ti páìpù ìsàlẹ̀ bọ páìpù òkè, kí ètè síìlì má baà ká. A ó to sípíríǹgì tàbí rọ́bà tuntun lé ara wọn pẹ̀lú gíríìsì fẹ́ẹ́rẹ́ láàárín wọn. A ó wá de ìdè ìsàlẹ̀ le níwọ̀n, nítorí ojú ìdè inú alumíníọ́ọ̀mù kì í pẹ́ jẹ. Níkẹyìn, a ó tẹ fọ́ọ̀kì náà mọ́lẹ̀ léraléra kí gíríìsì lè kárí, kí a sì mọ̀ bóyá ó ń há.

Kí ni ìdí tí gíríìsì fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ nínú fọ́ọ̀kì tí ìrìn rẹ̀ kò ju 50 mm lọ? Ìdí ni pé síìlì àti bọ́ọ̀ṣì a máa di páìpù mú. Kí fọ́ọ̀kì tó lè bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, agbára tí ó kọ lù ú gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ borí ìdìmú yìí. Nínú fọ́ọ̀kì tí gíríìsì rẹ̀ ti gbẹ, òkúta kékeré kò lè borí rẹ̀. Apá ènìyàn ni yóò gba ìmì náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé kò sí ṣọ́ọ̀kì rárá. A jẹ́ pé fọ́ọ̀kì olówó ńlá tí a kò tọ́jú kò yàtọ̀ sí ti 1976. Gíríìsì ni ó pààlà láàárín méjèèjì.

6. Àríyànjiyàn

Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan tako àbá wa ní ọ̀nà méjì. Èkíní, wọ́n lè sọ pé ìdíje ni ó sọ fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì di ìtẹ́wọ́gbà, pé bí kì í bá ṣe Durango ní 1990 àti ìdíje Òlíḿpíìkì ti Atlanta ní 1996, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi eré kẹ̀kẹ́ orí-òkè kún eré Òlíḿpíìkì, ta ni yóò rà á? A kò jiyàn èyí. RockShox tilẹ̀ ta ìpín ìdókòwò rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjà NASDAQ ní 1996 kan náà. Ṣùgbọ́n ìdíje ń sọ ìdí tí ènìyàn fi ra fọ́ọ̀kì; kò sọ ìdí tí wọ́n fi pa irú kan tì tí wọ́n sì mú irú mìíràn. Bí ó bá jẹ́ pé ìfẹ́ àtigba ipò kìíní nìkan ni, àwọn ènìyàn kì bá tí gba Bomber tí ó wúwo wọlé. Òótọ́ ni pé ìrìn rẹ̀ tí ó gùn wà lára ohun tí ó fa ojú wọn mọ́ra, a kò sì gbọdọ̀ fi gbogbo rẹ̀ lé ìtọ́jú lórí. Síbẹ̀ ìyìn tí wọ́n fún un nítorí pé kì í yọ ènìyàn lẹ́nu kò ṣeé fojú fò.

Èkejì, wọ́n lè sọ pé ẹ̀rí inú gíríìsì kò dájú, pé ẹnikẹ́ni lè túmọ̀ rẹ̀ bí ó ti wù ú. Ìdáhùn wa ni pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé rí. Ojúṣe òpìtàn ni láti fi ẹ̀rí kan gbe èkejì: hího páìpù, àwọ̀ gíríìsì, ojú ìdè tí a ti fi ipá tú, àti ọdún tí a ṣe fọ́ọ̀kì náà. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá fohùn ṣọ̀kan, a lè gbà wọ́n gbọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó le jù ni ti ìpamọ́. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kẹ̀kẹ́ ti agbègbè Marin ṣí ní Fairfax ní 2015, ibẹ̀ sì ni gbọ̀ngàn àwọn olókìkí kẹ̀kẹ́ orí-òkè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Crested Butte ní 1988, wà báyìí. Irú ilé bẹ́ẹ̀, àti àwọn tí ń kó ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ jọ sí ilé wọn, ní láti yan ọ̀kan nínú méjì. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà tí ó ti bàjẹ́ kúrò, tí wọ́n sì fi sípíríǹgì onírin tàbí rọ́bà tuntun rọ́pò rẹ̀, fọ́ọ̀kì yóò tún máa mì, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń mì náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣe ní 1995. Bí wọ́n bá fi í sílẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ní 1995 wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe fọ́ọ̀kì mọ́. Òkú fọ́ọ̀kì ni. Kò sí ẹ̀yà àtijọ́ tí a lè rà láti ilé-iṣẹ́ láti fi yanjú rẹ̀. SRAM ra RockShox ní 2002. Fox gba ẹ̀ka fọ́ọ̀kì kẹ̀kẹ́ Marzocchi ní 2015. Orúkọ Judy padà sórí fọ́ọ̀kì tuntun ní nǹkan bíi 2018, ṣùgbọ́n orúkọ nìkan ni ó padà. Kò sí ohun tí ó wà nínú tuntun tí ó lè wọ inú ti àtijọ́.

Èrò tiwa ni pé kí wọ́n tún un tò kí ó lè mì, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ya àwòrán gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ti fi díẹ̀ nínú rọ́bà àti gíríìsì àtijọ́ pamọ́ sínú ìgò. Ìdí wa ni pé ohun méjì ni ó lè sọnù: ẹ̀rọ náà àti ìmọ̀ ọwọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀. Rọ́bà àtijọ́ yóò bàjẹ́ bó pẹ́ bó yá, bí a fọwọ́ kàn án, bí a kò fọwọ́ kàn án. Ìmọ̀ ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ń lò ó, yóò máa wà. Ẹni tí ó bá tún fọ́ọ̀kì kan tò lónìí yóò mọ bí síìlì ṣe ń ká, bí ó ṣe yẹ kí ìdè le tó, àti bí páìpù tí gíríìsì kárí ṣe ń rọra wọlé. Bí a bá sọ gbogbo fọ́ọ̀kì di ohun àfiwò nínú gíláàsì, a ó ní irin, a kò sì ní ní ẹni tí ó lè ka ohun tí ó wà lára rẹ̀.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú iṣẹ́ yìí pé ìtàn fọ́ọ̀kì oníṣọ́ọ̀kì láàárín 1989 àti 1997 kì í ṣe ìtàn ìtẹ̀síwájú láti orí èyí tí kò dára dé orí èyí tí ó dára, bí kò ṣe ìtàn bí ẹrù ìtọ́jú ṣe ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. A ti fi hàn pé àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ eré náà ní 1976 mọ èyí, nítorí pé iṣẹ́ gíríìsì ni wọ́n fi sọ ìdíje wọn lórúkọ. A sì ti fi hàn pé títún ògbólógbòó fọ́ọ̀kì tò jẹ́ ọ̀nà ìwádìí tí ó lè sọ ohun tí ìwé kò sọ.

Ohun tí ó kù láti ṣe pọ̀. Ọ̀nà kan náà yìí ṣeé lò fún ẹ̀rọ ìránṣọ, fún ẹ̀rọ ìlọta, àti fún alùpùpù tí ó wà láyìíká wa, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti tú tí wọ́n sì ti tún tò láìsí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ni ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tún wọn ṣe, nígbà tí wọ́n ṣì wà láyé láti sọ ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀.